Wákàtí Tí Aago Pè Lẹ́ẹ̀mejì

Ibùdó Amundsen-Scott, Ìpẹ̀kun Gúúsù Ayé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù kẹrin, 2025.

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí oòrùn ti wọ̀, kò sì ní yọ mọ́ títí di oṣù kẹsàn-án, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ṣì wà ní ẹsẹ̀ sánmà nígbà tí mo jókòó ti kọ̀ǹpútà láàárọ̀ yìí. Iṣẹ́ mi ni láti da fáìlì irinṣẹ́ afẹ́fẹ́ àti ti gáàsì pọ̀ di ọ̀kan lójoojúmọ́, kí ó sì ti wà ní sẹpẹ́ kí sátẹ́láìtì tí a fi ń ránṣẹ́ tó yọ, nítorí pé ìwọ̀nba wákàtí ni a fi ń rí wọn lóòjọ́.

Lónìí ni mo rí ihò kan. Láti aago 14:00 sí 14:59 UTC (aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé) ti ọjọ́ 5, iye kábọ́ọ̀nù-dáì-óksáídì pé pérépéré, ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wà, -999, àmì pé kò sí iye níbẹ̀, ni mo bá, ìlà 60 gbáko. Àyà mi já. Bí a kò bá mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti wá, a kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé kì í ṣe èéfín jẹnẹrétọ̀ wa ni irinṣẹ́ fà símú, iye gáàsì wákàtí náà yóò sì di aláìwúlò. Láti 1957 ni wọ́n ti ń wọn gáàsì yìí níhìn-ín. N kò fẹ́ kí ihò inú rẹ̀ ti ọwọ́ mi wá.

Aago New Zealand ni à ń lò níbí. Ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, tí ó ṣì jẹ́ ọjọ́ 5 ní UTC, bí aago mẹ́ta ṣe lù, wọ́n dá a padà sí méjì bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún nígbà tí aago ìgbà ooru bá parí, irinṣẹ́ afẹ́fẹ́ tí èmi fúnra mi fi sí aago ibùdó sì kọ 2:00 sí 2:59 lẹ́ẹ̀mejì. Mo sì ti pàṣẹ fún ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi èdè Python kọ pé bí ìlà méjì bá jẹ́ àkókò kan náà, kí ó mú àkọ́kọ́, kí ó ju èkejì nù. Ìbejì ni wọ́n, ó gba Táíwò, ó lé Kẹ́hìndé, tí í ṣe wákàtí 14:00 UTC, síta. Èyí tó dùn mí jù ni pé mo yẹ̀ ẹ́ wò: mo ka ìlà ọjọ́ náà, ó jẹ́ 1,440, ọkàn mi sì balẹ̀, láìronú pé ọjọ́ oníwákàtí 25 yẹ kó ní 1,500.

Ọpẹ́lọpẹ́ pé a kì í fọwọ́ kan fáìlì ìpilẹ̀. Mo ti yí aago irinṣẹ́ náà sí UTC, mo sì tún àṣẹ náà kọ: bí àkókò bá jọra, kí ètò wo àwọn iye inú ìlà méjèèjì, bí wọ́n bá yàtọ̀, kí ó dúró, kí ó pè mí. Nígbà tí mo tún un dà pọ̀, ìlà 60 náà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ láti ìhà tí kò sí ilé kankan ní gbogbo wákàtí náà. Mo fi í ránṣẹ́ bí sátẹ́láìtì ṣe yọ.