Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí adájọ́ ní kí n lọ máa gbá ọjà

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ bíi tèmi, mo kí yín o. Àná ni mo parí oṣù mẹ́ta tí kọ́ọ̀tù fún mi, òórùn gọ́tà ò tíì kúrò lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń tẹ èyí, mo fẹ́ sọ ọ́ kó tó tutù.

Ẹ mọ bá a ṣe ń ṣe é. Owó kásítọ́mà tuntun la fi ń parí iṣẹ́ kásítọ́mà àná. Káfíńtà ni mí, Èkó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mo gba 180,000 náírà lọ́wọ́ màmá kan pé mo fẹ́ bá wọn ṣe wọ́dìróòbù méjì, kí n tó délé bọ́ọ̀dù owó bọ́ọ̀dù ti fò sókè, ọmọ mi tún ṣàìsàn, owó bá ibẹ̀ lọ. Mi ò sá, mi ò sì pa fóònù. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ nítorí àwọn tó máa pè mí lólè: mi ò sá. Àmọ́ oṣù mẹ́rin kọjá, wọ́dìróòbù ò sí, owó ò sí, gbogbo ìgbà tí màmá bá ti pè "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" ni mò ń sọ. Lójú òfin olè nìyẹn, mo ti gbà bẹ́ẹ̀ báyìí.

Ọjọ́ Fráídè ni ọlọ́pàá wá mú mi. Ẹ mọ ohun tí Fráídè túmọ̀ sí, kò sí kọ́ọ̀tù títí di Mọ́ńdè. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri àgọ́ wọn pé ọ̀fẹ́ ni béèlì, ẹni tó jókòó sí kàǹtà sì ń dárúkọ iye fún ìyàwó mi. Nígbà tá a dé kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ Mọ́ńdè adájọ́ fún mi ní béèlì, ó ní kí n mú oníduùró méjì wá, kí wọ́n nílé l'Ékòó, kí wọ́n ní rìsíìtì owó orí. Ta ni mo mọ̀ tó nílé? Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀kan n'Íkòródú, láti ọjọ́ yẹn ni fóònù wọn ò ti lọ mọ́. Bí mo ṣe di ará àtìmọ́lé nìyẹn, ọjọ́ mọ́kàndínlógún.

Mi ò fẹ́ sọ gbogbo ohun tí mo rí níbẹ̀. A máa ń pín oorun sùn ni, àwọn kan á dìde dúró káwọn kan lè na ẹsẹ̀. Ọmọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò tíì tó ogún ọdún, wọ́n ní ó jí fóònù. Ó ti lé lọ́dún méjì tó ti wà níbẹ̀, ẹjọ́ ẹ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ má rò pé tiẹ̀ ṣàjèjì o, nínú èèyàn mẹ́wàá tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà, ó ju mẹ́fà lọ tí adájọ́ ò tíì dá lẹ́bi.

Lọ́yà OPD, àwọn lọ́yà ọ̀fẹ́ tíjọba Èkó ń sanwó fún, ló là mí lójú. Wọ́n ní tó bá jẹ́ òótọ́ ni mo gba owó yẹn, kí n má purọ́ ní kọ́ọ̀tù, pé àwọn máa bá mi bẹ adájọ́ fún kọ̀múnítì sávíìsì, ìyẹn iṣẹ́ ìlú téèyàn máa ń ṣe dípò ẹ̀wọ̀n. Wọ́n ní òfin ẹ̀ ti wà l'Ékòó látọdún 2007, wọ́n tún un ṣe ní 2011, ìjọba àpapọ̀ ṣe tiwọn ní 2015. Nínú ti ìjọba àpapọ̀ yẹn, iṣẹ́ ọ̀hún ò gbọ́dọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ, wákàtí márùn-ún ló pọ̀ jù lóòjọ́, ibi tó sún mọ́ ilé èèyàn ni wọ́n sì máa ní kó ti ṣe é. Ẹni tó lo ìbọn tàbí àdá, ẹni tó fipá báni lò pọ̀, ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ ju ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta lọ, kò kàn wọ́n. Ó wá ku nǹkan kan, wọ́n ní adájọ́ máa bi mí léèrè ẹni tó máa dúró fún mi, tí mo bá sá, òun ló máa wá mi jáde.

Oníduùró lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọjọ́ yẹn dé. Mo gbà pé mo jẹ̀bi. Lọ́yà bẹ̀bẹ̀. Adájọ́ wò mí, wọ́n ní, "Ta ló máa dúró fún ẹ?" Mo bojú wẹ̀yìn. Kọ́ọ̀tù kún, mi ò rí ẹnì kankan. Ìyàwó mi ń sunkún, wọ́n ti sọ pé tìyàwó ò tó. Pásítọ̀ wa tó ṣèlérí pé àwọn ń bọ̀ ò wá. Fáànù ń yí lókè, mo ń gbọ́ ọ, mo ń gbọ́ bí akọ̀wé ṣe ń ṣí ìwé. Adájọ́ tún un bi léèrè. Mo ti lo ọdún mẹ́rìnlá ládùúgbò yẹn o, mo ti kan ilẹ̀kùn ilé tó lé ní ọgọ́rùn-ún, kò sì sẹ́ni tó máa sọ pé òun mọ̀ mí. Ẹ̀wọ̀n gan-an ò dùn mí tó ìṣẹ́jú yẹn. Títí dòní tí mo bá rántí ẹ̀ àyà mi ṣì ń já.

Ìgbà náà ni Alhaja onípákó dìde lẹ́yìn. Mo jẹ wọ́n ní 65,000, owó wọn ni wọ́n wá wá. Wọ́n ní, "Olúwa mi, ẹ má bínú. Ọmọ yìí jẹ mí lówó, ó jẹ màmá yẹn náà. Tẹ́ ẹ bá tì í mọ́lé, ta ló fẹ́ san án?" Wọ́n ní àwọn mọ ilé mi, àwọn mọ ìyàwó mi, àwọn mọ agboolé tí wọ́n ti bí mi n'Íwó, àwọn á dúró.

Oṣù mẹ́ta. Mọ́ńdè sí Fráídè, aago méje sí mọ́kànlá, kí n gbá ọjà àdúgbò wa, kí n kó gọ́tà, kí n sì máa san owó màmá díẹ̀díẹ̀. Ojú tì mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àmọ́ ní aago méjìlá mo ti wà ní ṣọ́ọ̀bù. Kí n má fọ̀rọ̀ gùn, owó màmá ti pé, tAlhaja ku 20,000.

Torí náà ẹ̀yin ará mi, ẹ ya owó kásítọ́mà sọ́tọ̀, ẹ má fi ṣe nǹkan mìíràn. Tí wàhálà bá dé, ẹ béèrè kọ̀múnítì sávíìsì, adájọ́ lè má rántí tí lọ́yà ò bá sọ ọ́. Àwọn tó ń sọ pé ìyà yẹn ti rọ̀ jù, ẹ wá kó gọ́tà níwájú àwọn ọmọ tí ẹ kọ́ níṣẹ́ ná. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú ni ọ̀rọ̀ oníduùró. Ẹ jókòó lálẹ́ òní kẹ́ ẹ ka orúkọ ẹni mẹ́ta tó máa dìde fún yín ní kọ́ọ̀tù, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn yín, ẹni tó máa dìde. Tí wọn ò bá pé mẹ́ta, ẹ lọ sanwó ẹgbẹ́, ẹ máa lọ sí mítìn-ìn àdúgbò, ẹ kí àwọn àgbà, ẹ san gbèsè tẹ́ ẹ jẹ. Èmi kì í lọ mítìn-ìn, mo ní mi ò ráyè.

Ọmọ tí wọ́n ní ó jí fóònù yẹn ṣì wà níbẹ̀. Mo ti sọ fún lọ́yà mi, wọ́n ní wọ́n nílò ẹbí tó máa dúró fún un. Ó sọ fún mi nígbà yẹn pé ìyá òun ń ta gàrí lọ́nà Badagry. Lọ́jọ́ Sátidé mo ń lọ wá wọn.