Ìrẹsì Sísè Nínú Fírísà: Wákàtí Àkọ́kọ́ Ni Kí Ẹ Ṣọ́

Ọbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kó sínú fírísà. Bí a bá ti ra tòmátò àti ata rodo lọ́jà, tí a sì ti din ọbẹ̀ tí yóò tó ilé jẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì, a ó pín in sínú ike, a ó jẹ́ kí ó tutù, a ó sì tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran àti ẹja. Ṣùgbọ́n ìrẹsì tí a ó fi jẹ ọbẹ̀ náà, ojoojúmọ́ ni a ń sè é, àfi bí ẹni pé òun nìkan ni òtútù kò gbọdọ̀ kàn. Ó ti pẹ́ tí èmi ti jáwọ́ nínú àṣà yẹn. Nílé wa ní Ìbàdàn, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a máa ń se ìrẹsì ọ̀sẹ̀, a ó pín in sínú ọ̀rá, a ó sì kó o sínú fírísà, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, tí ó ti rẹ̀, kò ní pẹ́ rárá kí ó tó jókòó ti oúnjẹ gbígbóná. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ju gbogbo ìyókù lọ: ìrẹsì tí ó yẹ kí ó wọ fírísà ni èyí tí a dìídì sè fún un, tí a fẹ́ tutù kíákíá, tí ó sì wọlé síbẹ̀ láàárín wákàtí kan tí ó kúrò lórí iná. Ìrẹsì àná tí ó sùn sínú ìkòkò kò ní ohun tí ó ń wá níbẹ̀.

Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bacillus cereus. Inú ilẹ̀ ni ó ń gbé, ó sì máa ń bá ìrẹsì wá láti oko. Bí nǹkan bá le fún un, ó máa ń sọ ara rẹ̀ di ẹyọ kékeré kan tí èèpo rẹ̀ yi, omi híhó kì í sì í sábà pa á. Nítorí náà, bí ìrẹsì ti wù kí ó jinná tó, ó ṣeé ṣe kí ẹyọ yìí ṣì wà láàyè nínú rẹ̀. Bí a bá jẹ ìrẹsì náà ní gbígbóná, kò sí wàhálà. Ìgbà tí ìrẹsì bá wà láàárín nǹkan bí 60°C àti 5°C, pàápàá nígbà tí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ni ó máa ń jí, tí ó máa ń bí sí i, tí ó sì lè tu májèlé sínú oúnjẹ. Èyí tí ó ń fa èébì nínú májèlé rẹ̀ le débi pé ooru 121°C fún wákàtí kan àtààbọ̀ kò bà á jẹ́. Kí ni iná gáàsì ilé wa fẹ́ fi ṣe é? Kò sí iye ìgbà tí a lè tún ìrẹsì bẹ́ẹ̀ gbé kaná tí yóò sọ ọ́ di oúnjẹ padà, bẹ́ẹ̀ ni ó lè má rùn, ó sì lè má kan, tí a ó fi mọ̀ pé májèlé ti wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bì kí wákàtí mẹ́fà tó pé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí àwọn tí ó jẹ ìrẹsì díndín ní àwọn ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà ń ṣàìsàn, tí wọ́n sì wá rí i pé ìrẹsì tí a ti sè sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí a kò sì gbé sínú òtútù, ni a ń dín fún wọn.

Ohun tí ó mú mi rántí kúlà nìyẹn. Bí a bá ń náwó, àárọ̀ ni àwọn alásè ti máa ń kó ìrẹsì sínú kúlà ńláńlá kí àlejò tó dé, bí ó bá sì ṣì ń jóni lọ́wọ́ nígbà tí a ń bù ú, ó dára bẹ́ẹ̀. Ìyókù tí a gbé délé lálẹ́ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, nítorí pé kúlà tí kò jẹ́ kí ooru tètè jáde ni ó mú kí ó wà ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́ láti ìrọ̀lẹ́. Bí a bá wá kó irú rẹ̀ sínú fírísà, òtútù kò ní pa kòkòrò náà tán, kò sì ní mú májèlé kúrò. Yóò kàn dá ohun gbogbo dúró síbi tí wọ́n bá a dé ni. Ìrẹsì òde kì í wọ fírísà mi, bí ó ti wù kí ó dùn tó.

Food Standards Agency, àjọ tí ó ń mójú tó oúnjẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí a sapá kí ìrẹsì sísè tutù láàárín wákàtí kan, kí ó má sì ju wákàtí 24 lọ nínú fíríìjì kí a tó jẹ ẹ́. Ìjọba Amẹ́ríkà fàyè gba wákàtí méjì fún oúnjẹ sísè níta, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí ooru àyíká bá ti kọjá 32°C, wákàtí kan ṣoṣo ni. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀sán Ìbàdàn nínú oṣù Kejì àti oṣù Kẹta mọ èwo nínú méjèèjì ni ó bá wa wí.

Ní ti sísè fúnra rẹ̀, ìrẹsì tí a ó kó pamọ́ kò gbọdọ̀ rọ̀ tán. Mo máa ń gbé e sọ̀ nígbà tí àárín hóró rẹ̀ ṣì le díẹ̀, nítorí pé ọjọ́ tí a bá tún un gbé kaná ni yóò parí jíjinná. Omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti fà tán pátápátá. Ife ìrẹsì gbígbẹ kan máa ń di nǹkan bí ife mẹ́ta bí ó bá jinná, nítorí náà ife mẹ́fà tó láti kún ọ̀rá méjìlá tí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan lè jẹ yó.

Bí ó bá ti jinná báyìí, ẹ má dé e padà. Àwo pẹrẹsẹ ńlá méjì ni mo máa ń tẹ́ sórí tábìlì, àwọn tí a máa ń fi gbé ife fún àlejò. Mo máa ń da ìrẹsì náà sí wọn, n ó fi fọ́ọ̀kì tẹ́ ẹ títí tí kò fi ní ga ju ìbú ìka kan lọ, n ó sì yí fáànù sí i. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́, èéfín á máa rú débi pé gíláàsì fèrèsé ilé ìdáná á máa làágùn. Mo tún máa ń fi fọ́ọ̀kì yí i lẹ́ẹ̀kan sí i kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè rí afẹ́fẹ́. Bí mo bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án tí n kò mọ ooru kankan lára rẹ̀ mọ́, ó tó kó. Ẹni tí kò ní fáànù, tàbí tí iná ọba ti lọ, lè gbé àwo náà lé orí ọpọ́n tí omi tútù wà nínú rẹ̀. Ohun tí ó burú jù ni kí a fi odindi ìkòkò dúró lórí sítóòfù pé yóò tutù tó bá yá: òkè rẹ̀ á ti tutù, àárín rẹ̀ á sì gbóná fún wákàtí mélòó kan.

Mo mọ̀ pé àwọn ará Jàpáánù, tí wọ́n ti sọ kíkó ìrẹsì sínú fírísà di àṣà ilé, máa ń we tiwọn ní gbígbóná kí omi ara rẹ̀ má baà gbẹ. Ṣùgbọ́n tiwọn máa ń mọ́ ara, ó sì kéré lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń tutù kí ó tó wọlé. Tiwa tí hóró rẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí a bá dì í pẹ̀lú èéfín, omi tí ó bá sẹ̀ sínú ọ̀rá á di yìnyín, ìrẹsì náà á sì rọ̀ bàṣùbàṣù lọ́jọ́ tí a bá gbé e jáde.

Ọ̀rá tí ó nípọn, tí ẹnu rẹ̀ ṣeé tì, ni ó dára. Mo máa ń bu ìwọ̀n ẹnì kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, n ó tẹ afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde, n ó tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, n ó sì kọ ọjọ́ tí a sè é sí i lára. Nígbà kan tí ìyá ọkọ mi wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ wa, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ń wò mí bí mo ti ń tẹ àwọn ọ̀rá náà.

“Ìyàwó mi, ìrẹsì tí kò gba èèyàn ní àkókò, kí la wá ń kó o pamọ́ bí ẹran ọdún sí?”

“Màmá, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ Ajé, ẹ ó rí i.”

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò, wọ́n ní kò burú, wọ́n sì fi kún un pé ti orí iná dára jù. N kò bá wọn jiyàn. Ti orí iná dára jù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo alẹ́ ni ẹni tí yóò gbé e kaná máa ń wà nílé.

Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ló dé tí n kò kàn gbé e sínú fíríìjì. Yàtọ̀ sí pé ọjọ́ kan péré ni ó lè lò níbẹ̀, ìrẹsì inú fíríìjì máa ń le gbagidi. Bí ìrẹsì bá ti ń tutù, sítáàṣì inú rẹ̀ máa ń tún ara rẹ̀ tò, ó sì máa ń fún omi jáde. Òtútù tí ó súnmọ́ 4°C ni èyí máa ń yá nínú rẹ̀ jù. Ní −18°C, tí ó yẹ kí fírísà wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣẹlẹ̀ mọ́. Nílé wa, a máa ń jẹ ẹ́ tán kí oṣù kan tó pé. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò di májèlé, etí rẹ̀ ni yóò gbẹ, tí yóò sì funfun.

Jọ̀lọ́ọ̀fù ni ọba ìrẹsì inú fírísà, nítorí pé òróró àti ata kì í jẹ́ kí ó gbẹ. Ìrẹsì òun ẹ̀wà náà dára. Ọ̀fadà kì í yí padà rárá, ṣùgbọ́n ọ̀rá méjì ni kí ẹ fi dì í, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yìnyín tí ẹ ó fi mu omi á máa ta sánsán bí ẹni pé Ògùn ni a ti gbé e wá. Ìrẹsì díndín ṣeé ṣe bí ó bá jẹ́ kárọ́ọ̀tì àti ẹ̀wà tútù ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ má kó ànàmọ́ òyìnbó tàbí ẹyin sísè mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ iná ọba kò ṣeé yẹra fún. Fírísà tí ó kún lè mú òtútù dúró fún nǹkan bí wákàtí 48 bí a kò bá ṣí i. Èyí tí ó kún dé ìdajì, nǹkan bí 24. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fi ìgò omi dí gbogbo àlàfo inú tiwa. Bí a bá ń lọ sí ìrìn àjò, mo máa ń gbé ife omi kan síbẹ̀ kí ó di, n ó sì gbé nǹkan kékeré kan lé e lórí. Owó ẹyọ ni àwọn ará òkè òkun ń lò, ṣùgbọ́n níbo la ti fẹ́ rí owó ẹyọ ní Nàìjíríà? Kọ́kọ́rọ́ àgádágodo tí ó ti sọnù ni mo ń lò. Bí a bá dé tí kọ́kọ́rọ́ náà ti wà ní ìsàlẹ̀ ife, yìnyín ti yọ́ pátápátá kí ó tó tún dì, gbogbo ìrẹsì ibẹ̀ ń lọ sí ààtàn nìyẹn. Ẹni tí iná rẹ̀ kì í ju wákàtí díẹ̀ lọ lójúmọ́, tí kò sì ní sólà, kí ó kúkú máa se ìrẹsì rẹ̀ lójoojúmọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ má gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì pé kí ó yọ́. Láti fírísà ni kí ó ti bọ́ sínú ìkòkò: ẹ rún un díẹ̀ láti inú ọ̀rá, ẹ dà á sínú ìkòkò pẹ̀lú ṣíbí omi méjì, ẹ dé e, kí iná má pọ̀, kí ẹ sì yí i lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá jẹ́ máíkírówéèfù ni, ẹ dà á sínú abọ́, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ fi àwo dé e. Èéfín gbọ́dọ̀ máa rú láti àárín rẹ̀, kì í ṣe láti etí nìkan. Ti àwọn ọmọ tí ń lọ sí ilé ìwé, mo máa ń kọ́kọ́ da omi híhó sínú fúláàsì oúnjẹ wọn, n ó dà á nù lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, kí n tó kó ìrẹsì tí ó ń jóni sínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni a sì ń gbé e kaná. Nítorí èyí ni mo ṣe máa ń di ọ̀rá kéékèèké sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ, torí pé èyí tí wọ́n bá jẹ kù kò tún padà sínú fírísà mọ́.