Ọdún Tí Mo Fetí sí Ọ̀rọ̀ Inú Orin

Ọdún ti ń re ilé, mo dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan máa ń béèrè pé, "Ìgbàgbọ́ ńkọ́? Ṣé o ṣì dúró?" Mo dúró. Ariwo ìgbàgbọ́ mi ti dínkù sí ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ti wọlẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló ṣe é, ọ̀nà tó sì gbà wọ̀ mí lára jù lọ ni orin. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àyẹ̀wò ọdún yìí kò ju ìyẹn lọ: ìwàásù ni orin tí à ń kọ nínú ìjọ, ó sì yẹ ká máa yẹ̀ ẹ́ wò bí a ṣe ń yẹ ìwàásù wò.

Láti kékeré ni mo ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Lọ́dún yìí ni àwọn àgbà ìjọ ní kí n máa wàásù fún àwọn ọ̀dọ́, wọ́n sì tún fi orin yíyàn fún ìsìn kún un. Bí iṣẹ́ méjèèjì ṣe bọ́ sí ọwọ́ kan náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí wọ́n ṣe wọnú ara wọn. Tí mo bá ń múra ìwàásù sílẹ̀, mo máa ń béèrè pé: ta ló ń sọ̀rọ̀ níbí, ta ló ń bá sọ̀rọ̀, kí ló ṣẹlẹ̀ kó tó sọ ọ́, kí ló sọ nípa Ọlọ́run? Ìbéèrè wọ̀nyẹn náà ni mo gbé síwájú àwọn orin wa. Mo mú bébà, mo ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsí ohùn, láìsí ìlù, mo sì ń kà á sókè bí ẹni ń ka lẹ́tà.

Orin kan wà tó jẹ́ pé bí o bá kà á bẹ́ẹ̀, ńṣe ló ń tóbi sí i. O ó rí àgbélébùú níbẹ̀, o ó rí ẹ̀ṣẹ̀ àti ìdáríjì, o ó rí iṣẹ́ Ọlọ́run tí o lè tọ́ka sí. Òmíràn sì wà, bí o bá ti yọ ìlù àti gìtá kúrò, ohun tó kù kò ju pé èmi yóò ga, èmi yóò borí, ọ̀tá mi yóò ṣubú. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀. Mi ò sọ pé dandan ni kí orin gùn o. Sáàmù 117 kò ju ẹsẹ méjì lọ. Mi ò sì sọ pé kí a má tún ọ̀rọ̀ kan náà kọ: ẹsẹ 26 ló wà nínú Sáàmù 136, "nítorí tí àánú rẹ̀ dúró láéláé" ló sì parí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣáájú ègbè náà: dídá ọ̀run, kíkó Ísírẹ́lì jáde ní Íjíbítì, pípín Òkun Pupa níyà, oúnjẹ fún gbogbo ẹ̀dá. Ìyìn náà ní ìdí.

Kólósè 3:16 ló là mí lójú sí i. Pọ́ọ̀lù ní kí ọ̀rọ̀ Kristi máa gbé inú wa lọ́pọ̀lọpọ̀, kí a máa kọ́ ara wa, kí a sì máa gba ara wa níyànjú, nípa sáàmù àti orin ìyìn àti orin ẹ̀mí. Kíkọ́ni àti gbígbani níyànjú, iṣẹ́ oníwàásù nìyẹn, orin ló sì gbé e lé lọ́wọ́. Ìwàásù tó wọni lára lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀pọ̀ ti gbàgbé kókó rẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Orin tí wọ́n kọ lọ́jọ́ náà ni wọ́n á máa kùn lẹ́nu bí wọ́n bá ń fọ abọ́. Bí a bá wá fi òtítọ́ tó dá lápá kan sínú ohun tí kì í tètè kúrò lẹ́nu èèyàn, ẹrù wúwo la gbé kọ́ wọn lọ́rùn.

Ẹni tó jẹ́ kí n rí bí orin àti ìwàásù ṣe lè di ọ̀kan ni John Newton, ọkùnrin tó ti fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrú rí kó tó di àlùfáà ní Olney nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. (Mi ò lè fojú kékeré wo ẹ̀mí tó bá òwò yẹn lọ, ó di 1788 kí Newton tó kọ̀wé ta kò ó ní gbangba, ó sì jẹ́wọ́ ipa tirẹ̀ níbẹ̀.) Ní ọjọ́ kìíní oṣù January 1773, ó wàásù fún ìjọ rẹ̀ láti inú 1 Kíróníkà 17, ẹsẹ 16 àti 17. Níbẹ̀, wòlíì Nátánì ti wá sọ fún Ọba Dáfídì pé Dáfídì kọ́ ni yóò kọ́ ilé fún Olúwa, Olúwa ni yóò kọ́ ilé fún un. Dáfídì wọlé, ó jókòó níwájú Olúwa, ó ní: Ta ni mí, Olúwa Ọlọ́run, kí sì ni ilé mi, tí o fi mú mi dé ibí? Orin tí Newton kọ kí ìjọ lè fi gbé ìwàásù yẹn délé ni gbogbo ayé mọ̀ sí "Amazing Grace" lónìí.

Àyẹ̀wò ọdún gan-an ni àdúrà Dáfídì yẹn. Ó wẹ̀yìn wo ibi tí wọ́n ti mú un dé, ó wo iwájú sí ìlérí tí wọ́n ṣe fún ilé rẹ̀, kò sì ka iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ kan ṣoṣo. Ohun mìíràn tó wú mi lórí ni pé ohùn tí a fi ń kọ orin náà báyìí kò sí lára rẹ̀ nígbà yẹn. 1779 ló jáde nínú ìwé, ó di 1835, ní Amẹ́ríkà, kí William Walker tó so ó mọ́ ohùn tí a mọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wà fún ọdún tó lé ní 60 kí ohùn yìí tó bá a. Bí mo bá ń yan orin báyìí, mo máa ń bi ara mi pé èwo nínú wọn ló lè dá dúró bẹ́ẹ̀.

Ìyá kan wà nínú ìjọ wa tó sin ọmọ rẹ̀ láàárín ọdún. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọ́kọ́ padà wá, orin ìṣẹ́gun la gbé. Gbogbo ìjọ ń fò. Iwájú ni mo wà, mo sì rí ìyá: ó dìde dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀yìn àga tó wà níwájú rẹ̀ mú, ẹnu rẹ̀ pa dé. Inú kò bí i. Kò ṣáà sí ọ̀rọ̀ kan nínú orin náà tó lè gba ẹnu rẹ̀ jáde lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó yá, bàbá kan nínú àwọn akọrin àgbà dá orin "Ọ̀nà àrà l'Ọlọ́run wa ń gbà ṣiṣẹ́ Rẹ̀ l'ayé", láìsí ìlù. Ẹsẹ kìíní kọjá. Ní ẹsẹ kejì, mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tí a fi máa dé ẹsẹ tó kẹ́yìn, ohùn ìyá ti jáde, ó ga ju ti gbogbo àwọn tó yí i ká lọ, omijé sì ń dà lójú rẹ̀.

William Cowper ló kọ orin yẹn. Ọ̀rẹ́ Newton ni, Olney ni wọ́n jọ ń gbé, àwọn méjèèjì ló sì kọ àwọn orin inú ìwé 1779 yẹn. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá a fínra títí tó fi kú. Nínú oṣù January 1773 kan náà tí Newton wàásù ọpẹ́ fún ọdún tuntun ni àìsàn náà tún kọ lù ú, tó sì dá a wólẹ̀. Ẹni tó mọ òkùnkùn ló kọ ọ́, mo sì gbà pé ìdí nìyẹn tí ẹni tó wà nínú òkùnkùn fi lè bá a kọ ọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ka Sáàmù bí ìwé orin, nítorí ìwé orin ni. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn 150 náà ni ẹkún àti ìráhùn. Nínú ẹsẹ méjì péré tó bẹ̀rẹ̀ Sáàmù 13, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni Dáfídì béèrè lọ́wọ́ Olúwa pé yóò ti pẹ́ tó. Ìyẹn ṣì fi orin ayọ̀ parí. Sáàmù 88 kò yí padà rárá. Òkùnkùn ló parí sí. Àkọlé rẹ̀ sì sọ pé ti olórí akọrin ni, orin àwọn ọmọ Kóra. Èyí já sí pé wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n fi kọ́ra, wọ́n sì kọ ọ́ níwájú Ọlọ́run láàárín àwọn èèyàn. Mo wá wo àkójọ orin tiwa, mo wá èyí tó ń sunkún, mo wá a tì.

Ọ̀rọ̀ yìí kan èmi náà. Mo gbàdúrà lórí ohun kan lọ́dún yìí, mo gbààwẹ̀ lé e, ọwọ́ mi kò tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ṣèrìbọmi ti fi ìjọ sílẹ̀. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá sọ pé nǹkan ń dun òun, ńṣe ni wọ́n ń ní kí òun máa jó. À ń sọ̀rọ̀ títí di òní, mi ò bá a jiyàn, nítorí mo ti rí ojú ìyá yẹn. Àdúrà tí mo gbà jù lọ́dún yìí ni ti bàbá inú Máàkù 9:24: "Mo gbàgbọ́, ran àìgbàgbọ́ mi lọ́wọ́." Jésù kò lé e. Ó wo ọmọ rẹ̀ sàn.

Ní ti ìwàásù, lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Fílípì ni mo bá àwọn ọ̀dọ́ kà, orí mẹ́rin, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí wọ́n ṣe ṣe nínú Nehemáyà 8: wọ́n ka ìwé náà ketekete, wọ́n ṣàlàyé rẹ̀, ó sì yé àwọn èèyàn. Nígbà tí a dé "mo lè ṣe ohun gbogbo" ní 4:13, ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn ka ẹsẹ 12 sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí ebi ń pa ló ń sọ̀rọ̀ yìí?" Ẹni tí ebi ti pa rí ni, tó sì wà nínú ẹ̀wọ̀n. Mi ò wàásù mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ìbéèrè rẹ̀ la fi gbàdúrà.

Ẹ má rò pé orin àtijọ́ nìkan ni mo fẹ́. Sáàmù 96 ní ká kọ orin tuntun sí Olúwa, orin tuntun sì ni ti Isaac Watts, òǹkọ̀wé orin ìjọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ó gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1707. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ayé àtijọ́ tó ṣèrìbọmi ní Milan ní 387, jẹ́wọ́ pé orin ìjọ mú òun sunkún, ẹ̀rù sì ń bà á nígbà tí ohùn bá wọ òun lára ju ohun tí wọ́n ń kọ lọ. Ẹ̀rù yẹn ń ba èmi náà, mo sì fẹ́ kó máa bà mí.

Ìwé tí a ó bẹ̀rẹ̀ ní January ni Ẹkún Jeremáyà. Gbogbo wa la mọ orin tí wọ́n fà yọ láti inú 3:22 àti 23, pé àánú Olúwa ni kò jẹ́ ká parun, tuntun ni ní òròòwúrọ̀. Àárín ìwé náà gan-an ni ọ̀rọ̀ yẹn wà, ìlú tó jóná ló yí i ká, àwọn ọmọ tí ebi ń pa kú sí ìgboro. Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ka orí kìíní àti ìkejì pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ kí a tó gbé orin náà. Èyí tí a kò tíì yanjú ni orí karùn-ún, tí ẹsẹ rẹ̀ ìkẹyìn ń béèrè bóyá Ọlọ́run ti kọ̀ wá sílẹ̀ pátápátá. Bí ẹ bá mọ orin tí ìjọ lè kọ lẹ́yìn irú ẹsẹ bẹ́ẹ̀, ti àtijọ́ tàbí ti ìsinsìnyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí ọdún tuntun tó wọlé.