Òkè, yangí àti ewé tíìkì: eré sísá lẹ́yìn ìlú Ìbàdàn

Ẹni tó bá fẹ́ sáré lórí òkè ní Ìbàdàn kò ní í rin jìnnà. Ẹ gbéra ní Bẹẹrẹ, ẹ gòkè lọ sí Mápó níbi tí gbọ̀ngàn ọdún 1929 wà, ẹ sọ̀ sí Ọjà'ba, ẹ ṣẹ́rí padà. Kí ẹ tó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, itan yóò ti máa gbọ̀n. Àmọ́ orí ọ̀dà lẹ wà, ọlọ́kadà kò sì mọ̀ pé ìdárayá lẹ ń ṣe. Ibi tó dùn jù ni ibi tí òkè ti pàdé igbó, tí erùpẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀, tí igi ṣíji bo ọ̀nà. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀, kó mọ ohun kan dájú: gígun òkè kọ́ ló ń ṣe èèyàn léṣe, sísọ̀ ni.

Bí ẹ bá ń gùn, àyà á sọ fún yín. Èémí á kúrú, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tí kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán láìmí gúlegúle, kó rìn. Nígbà ìsọ̀kalẹ̀, ara á fúyẹ́, ẹnu á máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n iṣan iwájú itan ló ń di gbogbo ìwúwo ara mú, bẹ́ẹ̀ ó ń nà lọ. Iṣan tó ń nà tó tún ń fà máa ń já wẹ́wẹ́ nínú, ìdí nìyẹn tí ìrora fi í dé lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta. Ẹ wo ẹni tó fi eré sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, bó ṣe ń di ògiri mú kó tó lè jókòó lọ́jọ́ Ajé.

Ọgbọ́n rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ gé ìṣísẹ̀ kúrú, kí ẹsẹ̀ máa balẹ̀ lábẹ́ ìbàdí, kí orúnkún rọ̀ díẹ̀. Ẹ̀rù a máa mú kí èèyàn fara tì sẹ́yìn. Gìgísẹ̀ á wá di bíréèkì, ibi tí gìgísẹ̀ bá sì ti di bíréèkì lórí yangí, ìdí ni yóò kanlẹ̀. Ẹ ya ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó ń gba orí igi afárá kọjá, kí ojú máa wo mítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin síwájú, kì í ṣe orí bàtà.

Ọ̀rọ̀ yangí náà gba àlàyé. Erùpẹ̀ pupa àyíká wa yìí, bí òjò bá ti fọ ojú rẹ̀ lọ, òkúta róbóróbó tó tó hóró ẹ̀wà ló ń kù sókè, wọ́n á jókòó sórí ilẹ̀ líle. Ẹ tẹ̀ wọ́n ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n á yí lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ọmọ inú bẹ́árìn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló burú jù fún èyí. Tòjò tún ní tirẹ̀: amọ̀ á lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹ̀ títí bàtà á fi wúwo bí ọmọ odó, àgbàrá á sì gbẹ́ kòtò gígùn sáàárín ọ̀nà. Etí kòtò ni kí ẹ máa sá gbà. Ẹni tó bá ki ẹsẹ̀ bọ inú rẹ̀ níbi tí ewé ti bò ó, ọrùn ẹsẹ̀ ló fi ń san án. Bí òjò ńlá bá rọ̀ lónìí, ẹ fún ilẹ̀ ní ọ̀la kó fi fa omi.

Ó wá ku bàtà. Kánfáàsì òkìrìkà ni ọ̀pọ̀ wa ń rà, kò sì burú, bí ẹ bá mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: bó bá le bí igi, ó ti kú, bó ti wù kó dán tó. Ẹ ká a: ibi ìka ẹsẹ̀ ló yẹ kó ti ṣẹ́po, kì í ṣe àárín. Ẹ wo ibi tí àtẹ́lẹ̀ ti pàdé ara bàtà dáadáa, torí gọ́ọ̀mù bàtà tó ti pẹ́ nílẹ̀ máa ń gbẹ, bàtà tó dà bí tuntun á wá yanu ní kìlómítà kẹta. Kí àyè tó tó èékánná àtàǹpàkò wà níwájú ìka tó gùn jù. Ìka tó ń gbá iwájú bàtà nígbà ìsọ̀kalẹ̀ ni èékánná rẹ̀ ń dúdú.

Ihò kan tún wà lókè pátápátá lára bàtà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í lò. Ẹ ki okùn ọ̀tún bọ ihò ọ̀tún náà, kí ó di ojóbó kékeré. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní òsì. Ẹ wá fi orí okùn ọ̀tún gba inú ojóbó òsì, kí tòsì gba inú tọ̀tún, ẹ fà á le, kí ẹ tó so. Gìgísẹ̀ á jókòó, kò ní lè ti ìka lọ síwájú mọ́.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, igbó IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ni kó kọ́kọ́ rò. Láti ọdún 1967 ni iléeṣẹ́ ìwádìí náà ti wà. Ilẹ̀ rẹ̀ tó hẹ́kítà 1,000, nǹkan bí 350 nínú rẹ̀ sì jẹ́ igbó tí ẹnikẹ́ni kì í ro. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, ewé jíjẹrà ló pọ̀ ju òkúta lọ. Ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní Ibadan malimbe, dúdú tó ní orí pupa, ṣì wà níbẹ̀. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló wà ní gbogbo ayé. Kò sí pé à ń yọ́ wọlé o: ẹ gba àṣẹ lẹ́nu géètì ṣáájú ọjọ́ náà. Etí adágún Awba ní Yunifásítì Ìbàdàn kúrú, ó dára fún ẹni tí kò ní ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Etí omi Elẹ́yẹlé, tí wọ́n dí Odò Ọ̀nà sí ní 1942, rẹwà láàárọ̀, àmọ́ ilé ti ń jẹ igbó rẹ̀ tán.

Gàǹbàrí ni igbó tí ẹsẹ̀ kì í gbàgbé. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde lẹ ó gbà, ẹ ó kọjá Ìdí-Ayùnrẹ́ níbi tí iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó wà. Igi gẹdú méjì, tíìkì àti mẹláínà, ni wọ́n gbìn sí ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Ewé tíìkì fẹ̀ ju àwo ìjẹun lọ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, igi á wọ́wé, òjìji á lọ, oòrùn aago mẹ́sàn-án á sì máa bọ́ sórí yín tààrà. Ilẹ̀ á kún fún ewé gbígbẹ, tí kùkùté àti gbòǹgbò á fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ariwo tí ẹsẹ̀ ń pa lórí ewé yìí a tún máa bo ìró lọ́rí onígẹdú tó ń bọ̀ lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ lọ́rí tó kún fún ìtì igi kò lè tètè dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ má ki nǹkan bọ etí. Lábẹ́ mẹláínà, èso pupa rẹ́súrẹ́sú tó bá rẹ̀ sílẹ̀ máa ń yọ̀ bí ilá.

Bí ìtì bá dábùú ọ̀nà, ẹ má fò ó. Ẹ gun orí rẹ̀, ẹ wo òdìkejì, kí ẹ tó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀: paramọ́lẹ̀ kì í sá, yóò kàn dùbúlẹ̀ sínú ewé tó bá a mu ni. Ẹni tí ejò bá bù jẹ, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ bọ́ bàtà àti òrùka rẹ̀, kó má rìn, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ìjàlọ ní tiwọn, ẹ fò wọ́n kọjá, ẹ má dúró wòran. Yèrèpè tó bá bà yín lára, ẹ má họ ọ́, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ irun rẹ̀ kúrò. Ẹ má yà kúrò lójú ọ̀nà, nítorí pàkúté.

Lásìkò yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá wọ Gàǹbàrí. Èèyàn mẹ́rin ló kéré jù: bí ẹnì kan bá fara pa, ẹnì kan á dúró tì í, méjì á lọ wá ọ̀kadà, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń sá lọ ní àfonífojì. Ẹ kí Baálẹ̀ abúlé tó wà létí igbó kí ẹ tó wọlé, ẹ béèrè ọ̀nà tí ara rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, kí ẹ sì bá wọn wá ọdẹ kan tó máa ṣáájú. Ẹni tẹ́ ẹ bá bá lóko, “Àroko bọ́dún dé o”, ọdẹ, “Àrìnpa o.” Ẹni tí kò kí ni wọ́n ń fura sí.

Ẹ fi aago wọn ọ̀nà, ẹ má fi kìlómítà wọ̀n ọ́n. Ẹni tó ń fi ìṣẹ́jú mẹ́fà sá kìlómítà kan lórí ọ̀dà, kó ka ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá fún kìlómítà kan nínú igbó. Wákàtí kan, omi inú ọ̀rá ẹyọ kan. Bó bá ju wákàtí kan àbọ̀ lọ, ẹ po ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́fà àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré sínú lítà omi kan. Nígbà ọyẹ́, òógùn máa ń gbẹ kí ẹ tó rí i, ẹ mu omi náà bí òùngbẹ kò tiẹ̀ gbẹ yín.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ yọ tìmùtìmù inú bàtà jáde, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi tútù fọ amọ̀ kúrò kó tó gan, ẹ ki bébà ìwé ìròyìn sínú rẹ̀, kí ẹ sì sá a sábẹ́ òrùlé. Oòrùn ọ̀sán gangan ló ń tètè gbẹ gọ́ọ̀mù rẹ̀.