Inú "what" ni "why" ti jáde

Ọ̀rọ̀ "why" tí gbogbo wa ń sọ yìí, kì í ṣe pé ó dá dúró látìbẹ̀rẹ̀ o. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, èyí tí wọ́n ń sọ ní England kí àwọn Norman láti ilẹ̀ Faransé tó wá gba ìlú lọ́wọ́ wọn ní 1066, "hwæt" ni wọ́n ń pe "what", ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń paára dà ni, iṣẹ́ tó bá ń ṣe nínú gbólóhùn ló máa ń sọ bó ṣe máa rí, tó bá wá jẹ́ pé ohun tó fa nǹkan ni wọ́n ń béèrè, á di "hwȳ". Torí kí ni, nìyẹn. Tiwa ṣì hàn gbangba, "kí ni" wà níbẹ̀ kedere, tiwọn ti wọnú ara wọn débi pé èèyàn ò lè rí i mọ́ àfi tó bá wá a.

Ẹ wo h yẹn dáadáa. Iwájú ló wà nígbà yẹn, wọ́n sì ń pè é, wàá kọ́kọ́ fẹ́ atẹ́gùn jáde lẹ́nu bí ẹni ń fẹ́ iná kí w tó tẹ̀lé e, àwọn ará Scotland kan ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀ dòní. Lẹ́yìn tí àwọn Norman dé làwọn akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé h sẹ́yìn w, kó lè bá "ch", "sh" àti "th" dọ́gba. Témi bá ni, wọn ò bá fi sílẹ̀ bó ṣe wà jàre, torí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ló bá ẹnu mu.

"Who" náà, "hwā" ni tẹ́lẹ̀, nígbà tó yá fáwẹ́ẹ̀lì ẹ̀ yí padà, ó gbé w mì, ló fi jẹ́ pé h nìkan là ń gbọ́. "How" ti sọ w tiẹ̀ nù tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó máa kọ wh, ìdí nìyẹn tí kò fi ní in.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí: ní 1822, Jacob Grimm, ará Jámánì tóun àti àbúrò ẹ̀ Wilhelm jọ kó àlọ́ jọ, ṣàlàyé pé k tó wà nínú èdè àtijọ́ tí gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá ló di h lẹ́nu àwọn baba ńlá Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì. Ìyẹn ni Látìn ṣe ń sọ "quod" níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń sọ "what", tí Faransé ń sọ "quoi", tí Híńdì ní Íńdíà ń sọ "kyā", ẹbí kan náà ni gbogbo wọn. Àwọn ará Denmark ò tiẹ̀ yí h padà nínú ìwé, "hvad" ni wọ́n ń kọ títí dòní, bẹ́ẹ̀ wọn ò pe h yẹn mọ́.