Ọ̀rọ̀ Bàbá mi tó sọnù ní kóòtù

Ọdún kẹta rèé tí Bàbá mi ti kú, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo tún jókòó tí mò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn lẹ́nu ẹlòmíì, nínú ọ́fíìsì rẹ́jísírà kóòtù kan ní ìhà Ìgbómìnà wa níbí.

Ẹjọ́ ilẹ̀ ni. Ọjọ́ méjì ni Bàbá fi jẹ́rìí, ọjọ́ kìíní lọ́yà wa ló ń bi wọ́n léèrè, ọjọ́ kejì lọ́yà àwọn tá a jọ ń ṣẹjọ́ wá da ìbéèrè bò wọ́n. Ẹ sì mọ kóòtù wa, adájọ́ fúnra ẹ̀ ló ń fọwọ́ kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé ńlá, kò sí ẹ̀rọ tó ń gbohùn sílẹ̀. Òrùlé yàrá fáìlì wá ń jò, omi wọ ìwé yẹn, tàdáwà ṣàn pọ̀, kò sẹ́ni tó lè kà á mọ́.

Ti ọjọ́ kìíní ò nira torí lọ́yà wa ti gba CTC ẹ̀, ìyẹn ẹ̀dà tí kóòtù fọwọ́ sí tó lù lóǹtẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa tètè gbà á, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ kóòtù kòtẹ́milọ́rùn n'Ílọrin. Lọ́yà wa ní abala 46 nínú òfin ẹ̀rí ti 2011 gbà kí wọ́n lo ohun tí ẹlẹ́rìí tó ti kú ti sọ ní kóòtù, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ rí ọ̀rọ̀ ọ̀hún mú wá ná.

Ọjọ́ kejì ni wàhálà. Jọ́tà lọ́yà méjèèjì ló kù, wọ́n ń kà á níkọ̀ọ̀kan, ibi tó bá dọ́gba rẹ́jísírà á kọ ọ́, títí tó fi kan pèrègún ààlà. Tiwa kọ mẹ́ta, tiwọn kọ méjì. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ pé kí n sọ̀rọ̀, ṣebí mo wà ńbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mẹ́ta ni Bàbá máa ń sọ nílé, láti kékeré la ti mọ̀ ọ́n. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ìka tí wọ́n nà sókè nìkan ni mo rántí, ìka ò sì lè wọ ìwé adájọ́ àfi tẹ́nìkan bá fẹnu sọ iye ẹ̀. Ó dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n tí mo bá ní mẹ́ta, ọ̀rọ̀ tèmi ni, orúkọ Bàbá ni wọ́n á sì kọ sí i.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀." Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Ajàṣẹ́.

Lọ́yà méjèèjì ti fọwọ́ sí i. Wọ́n kọ "pèrègún", wọ́n fi àlàfo sílẹ̀, wọ́n wá kọ "létí odò".