Àyẹ̀wò ọdún: owó ọmọ tó ń ṣiṣẹ́, ta ló ni ín?

Ọdún ti ń parí lọ. Kí ìrẹsì ọdún tó gorí iná, ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé kan tí ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ní Àbújá kì í ṣí: ìwé owó tí àwọn ọmọ wa ọlọ́dún 15 sí 18 pa wọlé. Wọ́n ń bá wọn tajà ní Wuse, wọ́n ń jókòó ti POS ní Nyanya, wọ́n ń fọ mọ́tò ní Lugbe, wọ́n ń dirun ní Kubwa, lẹ́yìn ilé ìwé tàbí nígbà ọlidé. Ìbéèrè tó ń dájà sílẹ̀ ni pé ṣé ó yẹ kí wọ́n mú lára rẹ̀ fún òbí.

Ó yẹ. Ọmọ tó ń jẹ nínú ìkòkò ilé, kò burú kó mọ iye tí gáàsì ń jẹ́. Àmọ́ ohun mẹ́ta ni a máa ń dà pọ̀ tí ọ̀rọ̀ fi ń wọ́: fífún, títọ́jú àti yíyá. Owó tí ọmọ fún ilé ti lọ nìyẹn. Èyí tó ní kí ìyá òun bá òun tọ́jú, tirẹ̀ ni. Èyí tí ilé yá lọ́wọ́ rẹ̀, gbèsè ni. Ká ní lóṣù kẹta, ìyá kan gba 5,000 náírà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ pé òun ń bá a tọ́jú rẹ̀. Lóṣù karùn-ún, onílé kanlẹ̀kùn, ìyá mú un kún owó ilé, ó ní òun á dá a padà. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹsàn-án, ọmọ béèrè, wọ́n ní, “Oúnjẹ tí ò ń jẹ ńkọ́?” Owó ìtọ́jú di owó yíyá, owó yíyá di ẹ̀bùn, ẹnikẹ́ni ò sì lanu sọ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ ò ní sọ iye tó ń gbà fún yín mọ́. Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, nítorí ọmọ tó ń fi owó pa mọ́ fún ìyá rẹ̀ máa tó fi nǹkan mìíràn pa mọ́ fún un.

Ìṣirò náà ń ṣì wá lọ́nà. Ká mú ọmọ ọdún 17 kan ní Kubwa tó ń bá wọn ta aṣọ ní ọjà Wuse nígbà ọlidé gígùn. Ká ní 40,000 lowó oṣù rẹ̀, ọjọ́ 26 ló ń lọ, owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ sì jẹ́ 1,000. Ọkọ̀ ti jẹ 26,000. Kódà bó bá ń gbé oúnjẹ láti ilé, 14,000 ló kù. Bí bàbá bá ní kó mú ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù wá, 4,000 nìyẹn. Ó kéré lójú bàbá, ṣùgbọ́n ó ti ju ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó kù lọ. Ẹ kọ́kọ́ yọ owó ọkọ̀ àti oúnjẹ kí ẹ tó pín ohunkóhun. Ẹ ó tún rí i pé ọmọ tó ń gba 25,000 ní ṣọ́ọ̀bù tó lè fẹsẹ̀ rìn dé ń jèrè ju ti Wuse lọ.

Nínú 14,000 yẹn, 2,000 tó fún ilé. Ẹ fún un lórúkọ: owó gáàsì, tàbí owó iná. “Mú nǹkan wá” kò lórúkọ, kò sì lópin. Kí 5,000 jẹ́ ti ilé ìwé, 4,000 ti ìpamọ́, 3,000 ti ọwọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan 3,000 yẹn. Ọmọ tó ṣiṣẹ́ oṣù kan tí kò rí kọ́bọ̀ ná lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú owó ọjà ọ̀gá rẹ̀.

Ẹ má sì fi 70,000 náírà, owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí lóṣù keje ọdún 2024, wọn ọmọ yín. Òfin yẹn ò de ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Èyí tó yẹ kí ẹ dì mú ni Òfin Iṣẹ́: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́rin lọ láìsinmi, kò sì gbọdọ̀ ju mẹ́jọ lọ lóòjọ́.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ yàtọ̀. Owó tí oníbàárà fi sí i lọ́wọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Owó fírídọ̀mù tí yóò ṣe bó bá kọ́ṣẹ́ tán ń bọ̀, bó bá sì jẹ́ aṣọ ló ń kọ́, owó ẹ̀rọ ìránṣọ náà ń bọ̀. Ní ti owó oṣù àkọ́kọ́ tí àwọn kan máa ń gbà pátá kí wọ́n lè súre sí i, ẹ gbà á, ẹ súre, ẹ mú díẹ̀, kí ẹ dá ìyókù padà lójú ẹsẹ̀.

Àwọn kan á ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ni, àmọ́ bó bá dàgbà ni wọ́n wí. Bàbá ọdún 45 tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ kò tíì débẹ̀. Láyé oko pàápàá, ọmọ á ṣe ti bàbá láàárọ̀, á ṣe àbọ̀ṣẹ́ nínú oko tirẹ̀ nírọ̀lẹ́, ohun tó bá sì hù níbẹ̀, tirẹ̀ ni. Bí àìsàn bá dá òbí dúbúlẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Kí ọmọ mú tó ìdajì ohun tó kù wá, àmọ́ kí ẹ kọ oṣù tí yóò parí sílẹ̀.

Ibi ìpamọ́ ńkọ́? Àjọ ojoojúmọ́ dára fún ọmọ tó ń rówó lójoojúmọ́. Bó bá ń dá 200, lóṣù ọlọ́jọ́ 30 ó ti di 6,000. Alájọ á mú owó ọjọ́ kan, á kó 5,800 fún un. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni kí òbí máa lọ gba owó lọ́wọ́ alájọ lẹ́yìn ọmọ. Ẹ sọ fún alájọ pé lójú ẹni méjèèjì nìkan ni kó ti máa san án. Bó bá sì jẹ́ àkáǹtì báńkì ẹ̀yin òbí ni owó náà wà, ẹ ṣí òmíràn sọ́tọ̀, ẹ má fi káàdì rẹ̀ rajà, kí ọmọ sì máa rí alẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ mú ìwé ogójì ewé kan, ẹ fa ìlà sí i kó di ọ̀nà mẹ́ta: fún, tọ́jú, yá. Ẹ wá gbogbo alẹ́ẹ̀tì inú fóònù láti oṣù kìíní, ẹ gbé káàdì àjọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ọmọ máa pè, kí òbí máa kọ. Ká ní 18,000 ló yẹ kó wà lábẹ́ “tọ́jú”, tó wá jẹ́ 7,000 lẹ bá. Ẹ má bínú sí ọmọ tó béèrè. Ẹ kọ 11,000 tó kù sábẹ́ “yá”, kí ẹ pín in sí 2,200 lóṣù fún oṣù márùn-ún. Bí ọmọ bá fẹ́ ṣe JAMB, ẹ jẹ́ kí owó fọ́ọ̀mù ṣáájú, torí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n máa ń tà á. Bí agbára ò bá gbé e rárá, ẹ bẹ ọmọ pé kó fi í sílẹ̀. Bó bá gbà, ẹ gbé e lọ sábẹ́ “fún”, kí ẹ kọ déètì sí i. Bí kò bá gbà, gbèsè ni. Ẹ gbé e lọ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ ọdún tuntun.